Ewúrẹ́ Tó Wọ Omi

Láàárọ̀ ni Mákindé ọkọ mi jáde nílé wa ní Ìbà, ó ní òun fẹ́ ra búrẹ́dì. Aago méjì ọ̀sán lù, n kò rí i. Láti ọdún tó kọjá ni ìgbàgbé ti dè é mọ́lẹ̀. Ó lè dúró lẹ́nu ọ̀nà ara rẹ̀ kó máa béèrè ẹni tó nilé.

Ayọ̀mípọ̀sí ọmọ wa sáré wá láti Okokomaíkò, ó ṣí fóònù rẹ̀.

"Mọ́mì, ẹ farabalẹ̀. Ẹ ṣáà sọ pé ewúrẹ́ ni fóònù Dádì."

"Ewúrẹ́ kẹ̀?"

"Okùn ń bẹ lọ́rùn rẹ̀ tó gùn dójú ọ̀run. Irin kan tí òyìnbó sọ sókè ló di okùn náà mú, ó ń sọ ibi tí ewúrẹ́ ń jẹ̀ fún wa."

"Irin náà kì í sùn ni?"

"Kì í sùn."

"Ọlọ́run mi nìkan ni mo mọ̀ tí kì í tòògbé."

Ó nawọ́ sí àmì róbótó kan lójú fóònù. "Dádì nìyí..." Ohùn rẹ̀ já. Inú omi ni àmì náà wà, lẹ́yìn Ọ̀jọ́, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀.

"Ayọ̀, ewúrẹ́ kì í lúwẹ̀ẹ́."

Kẹ̀kẹ́ Márúwá gbé wa détí omi. Ojú tó ń wá nǹkan kì í pẹ́ rí ohun tí kò fẹ́: bàtà Mákindé la kọ́kọ́ rí, méjèèjì tò sórí yanrìn. Ayọ̀mípọ̀sí ká ọwọ́ lérí. "Yéè! Dádì ti bómi lọ!"

"Pa ẹnu ẹ mọ́! N kò rí sùtánà funfun tó fi ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì lórí ìkọ́ láàárọ̀. Ẹ̀yin lẹ̀ ń fi bàtà jó ní ṣọ́ọ̀ṣì yín; aláṣọ funfun kì í wọ bàtà sí sùtánà."

Ẹnu mi ló sọ ọ́. Ọkàn mi kò gbà. Jésù, má jẹ́ kí ojú mi rí òkú rẹ̀.

"Fa okùn náà," ni mo wí.

Ó pè é, ó fi fóònù sí mi létí. Lójú omi lọ́hùn-ún, nínú ọkọ̀ tó kún fún àwọn aláṣọ funfun tó ń lọ gbàdúrà lódìkejì, fóònù ké. Ọkùnrin kan dìde, ó gbé e sétí.

"Ta ni?"

"Èmi ni, Florence."

"Florence wo?"

Òtútù mú mi nínú oòrùn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ki oríkì rẹ̀: "Àjàní, ọmọ akin tí kì í wẹ̀yìn lójú ogun, ọmọ agbálẹ̀-àlejò-kó-tó-gbálẹ̀-ara-ẹ̀..."

Mo gbọ́ tó ń sọ fún atukọ̀ pé, "Ẹ padà. Obìnrin kan ń sunkún nínú fóònù. Ó mọ bàbá mi."

Ọkọ̀ yí padà. Mákindé sọ̀kalẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún mi, èmi ìyàwó rẹ̀. "Ẹ káàsán, ìyá."

Mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. N kò fi í sílẹ̀ títí a fi délé.