Súfèé Darandaran Tó Ti Kú

Ọpẹ́rà méjì tí Leberecht Zeidler kọ́kọ́ kọ ló forí ṣánpọ́n. Dúkù, ìjòyè tó ni ilé eré, sọ ojú abẹ níkòó fún un: bí ẹ̀kẹta yìí náà bá já sófo, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ kúrò nílùú kí yìnyín odò Saale tó yọ́.

Ìparí ọpẹ́rà náà ni Zeidler gbójú lé. Darandaran kan tó ti kú yóò súfèé pe ìyàwó rẹ̀ láti inú òkùnkùn, ohùn mẹ́ta péré, gbogbo ilé yóò sì pa lọ́lọ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni obìnrin náà yóò ti kú. Zeidler ò fẹ́ fèrè. Ẹnu ènìyàn ló fẹ́.

Màmá Henschke, tó ń kọrin ìyàwó náà, fárígá. "Ẹnikẹ́ni kì í súfèé nínú ilé yìí. Ẹ sì mọ̀ bẹ́ẹ̀, Ọ̀gá. Gáàsì la fi ń tanná. Tó bá ń jò, súfèé ló máa ń dún. Báwo la ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀?"

"Ohùn mẹ́ta ni mo ní kí darandaran náà fi súfèé, Màmá. Kì í ṣe gbogbo alẹ́."

Ebeling, ọkùnrin sísanra tó ń ṣe darandaran, fọwọ́ lu ikùn rẹ̀. "Màmá, ẹ fọkàn balẹ̀. Bíà ló kún inú tèmi, kì í ṣe gáàsì."

"Máa rẹ́rìn-ín. Ṣebí òkú ni ẹ́ nínú eré náà."

Zeidler ò bá wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ti lé olórin kan tó ń ta fáólìn lẹ́nu iṣẹ́ rí, torí pé ó súfèé lórí àtẹ̀gùn.

Ní ọjọ́ eré, ilé kún. Zeidler dúró níwájú àwọn olórin pẹ̀lú ọ̀pá tó fi ń darí wọn. Nígbà tí ìparí dé, Dúkù na ọrùn síwájú lórí àga, ohun tí kò ṣe rí. Ebeling súfèé láti ẹ̀gbẹ́ ìtàgé: ọ̀kan, èkejì, ẹ̀kẹta.

Súfèé náà ò dáwọ́ dúró.

Inú bí Zeidler. Ó yíjú sí Ebeling. Ẹnu Ebeling wà ní pípadé, ojú rẹ̀ sì ti yọ síta. Màmá Henschke dúró láàárín ìtàgé, ó ń wo ọwọ́ Zeidler. Orin díẹ̀ ló kù, lẹ́yìn rẹ̀ àtẹ́wọ́. Bóyá gáàsì tó ń jò náà ò ní gbiná kó tó dìgbà yẹn. Bóyá.

Zeidler gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ ti gáàsì pa! Ẹ̀yin èèyàn, ẹ jáde. Ẹ rọra, ẹ má sáré!"

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó rò pé ara eré ni. Ṣùgbọ́n òórùn gáàsì dé ọ̀dọ̀ wọn, ẹ̀rín sì tán. Bí iná ṣe ń rẹlẹ̀, wọ́n wọ́ jáde sínú yìnyín. Dúkù kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láìdúró.

"Ó di mẹ́ta, Zeidler."

Òkùnkùn bolẹ̀. Súfèé náà tín-ín-rín, ó tín-ín-rín sí i, ó kú. Ìdákẹ́jẹ́ tí Zeidler kọ sínú orin rẹ̀ wá dé, gẹ́lẹ́ bó ṣe fẹ́ ẹ, àwọn àga tó ṣófo sì gbọ́ ọ.