Ẹni Tí Wọn Ò Lè Yọ̀ǹda

Ìyá Ẹ̀rọ ni gbogbo èèyàn ń pè é ní ilé iṣẹ́ omi ìjọba, àpèlé náà kì í sì í ṣe ẹ̀tàn. Òun nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń tan ẹ̀rọ tó ń fa omi odò lọ sínú táńkì láìjẹ́ pé ó jóná. Ohun tó há a mọ́ ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí ìwé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ bá dé, ẹni tí iṣẹ́ kò ní dúró nítorí rẹ̀ ni ọ̀gá máa ń rán lọ, ẹni náà kì í sì í ju Sẹ́mínà lọ, ọkùnrin alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n sọ lórúkọ bẹ́ẹ̀ torí pé kò sí ẹ̀kọ́ tí kò tíì lọ jókòó tì.

Ṣùgbọ́n tọ̀tẹ̀ yìí yàtọ̀. Ẹ̀rọ tuntun ń bọ̀. Ẹni tó bá lọ kọ́ ọ ni yóò máa lò ó, ẹni tí kò bá lọ yóò di aṣọ́géètì. Ká fi ẹni tó ń gbọ́ èdè irin sídìí géètì? Ikú dé nìyẹn.

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́ sà, èmi ni kí ẹ rán lọ."

"Ìyá wa, ta ni yóò tan ẹ̀rọ? Ṣé kí gbogbo ìlú máa fi itọ́ bọ́jú ni?"

"Tí mo bá kọ́ Sẹ́mínà ńkọ́?"

"Ẹ kọ́ ọ. Tó bá tàn án lójú mi, tí ọwọ́ yín ò sí níbẹ̀, ẹ di ẹrù yín."

Nílé, ọkọ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹ̀rọ yẹn máa gbà? Òun lọkọ àgbà, èmi ni wọ́n kàn ń yá ẹ fún nírọ̀lẹ́."

Ẹ̀rọ náà kò le fún onísùúrù. Omi ló lè fà, kò lè fa afẹ́fẹ́. Kí ó tó yí, èèyàn á kọ́kọ́ bu omi kún inú rẹ̀, á ṣí ẹnu kékeré tó wà lórí rẹ̀, kí afẹ́fẹ́ máa jáde, fìì, fìì, títí omi yóò fi máa ṣàn láìhó. Ìgbà náà ni yóò dé e, yóò tan ẹ̀rọ, yóò sì rọra ṣí ọ̀nà omi. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣẹ́ kù, ẹ̀rọ á máa dún bí ìgbà tí wọ́n ń da òkúta wẹẹrẹ sínú korobá, kò sì ní pẹ́ jóná.

Orí Sẹ́mínà pé. Ẹ̀ẹ̀kejì tó dán an wò, ẹ̀rọ náà ń kùn bí oyin.

"Àbúrò, o ti mọ̀ ọ́n!" Ìyá Ẹ̀rọ pàtẹ́wọ́.

Sẹ́mínà ń nu ọwọ́, kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé èmi náà ò wá ní lọ síbì kankan mọ́ báyìí?"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ wo ara yín ná."

Àwàdà ni obìnrin náà pè é.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ọ̀gá dé, ó káwọ́ sẹ́yìn, ó ń wò. Sẹ́mínà bu omi sínú ẹ̀rọ. Ó ṣí ẹnu kékeré náà. Afẹ́fẹ́ ṣì ń ṣe fìì nígbà tó dé e pa. Ìyá Ẹ̀rọ rí i. Ó tún rí i pé Sẹ́mínà náà mọ̀. Ojú wọn ṣe mẹ́rin. Ọkùnrin náà fi ojú bẹ̀ ẹ́, ó sì tan ẹ̀rọ.

Òkúta wẹẹrẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ìyá Ẹ̀rọ káwọ́ mọ́yà. Yóò pa ẹ̀rọ náà, ló ń sọ nínú ara rẹ̀. Ó mọ̀ ọ́n, kò ní jẹ́ kó jóná, yóò pa á. Sẹ́mínà dúró bí òpó. Irin ń gbọ̀n. Òórùn rọ́bà tó ń jó ta sí wọn nímú, kí obìnrin náà sì tó mọ ohun tó ń ṣe, ọwọ́ rẹ̀ ti pa ẹ̀rọ.

Ó nàka sí Sẹ́mínà.

"Ọ̀gá, ó mọ̀ ọ́n! Ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni!"

"Ìyá wa, ẹ rọra. Ta ní í mọ̀ọ́mọ̀ ya òpè?" Ọ̀gá yíjú sí Sẹ́mínà. "Ìwọ, lọ máa palẹ̀ mọ́. Ó kéré tán, àwọn á kọ́ ẹ níbẹ̀."

Sẹ́mínà kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Ẹ̀rọ, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú. Èmi náà ń bẹ̀rù kí wọ́n má so mí mọ́lẹ̀ ni."

Obìnrin náà ti bẹ̀rẹ̀ sídìí ẹ̀rọ, ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ wò ó bóyá ó ti ń tutù. Ó bu omi kún un, ó sì ṣí ẹnu kékeré náà. Afẹ́fẹ́ ń jáde díẹ̀díẹ̀. Kò sí ẹlòmíì tí yóò dúró dè é.