Ipasẹ̀ Ẹ̀bá Títì

Kò sí ẹni tó le ju Halvar Rydström lọ nípa òfin ajá ní gbogbo Tallåsen. Ọdún mọ́kàndínlógún ló fi jẹ́ olórí ẹgbẹ́ ọdẹ abúlé náà, kò sì sí ọdún kan nínú wọn tí kò fi ẹjọ́ ẹnì kan sun ìjọba pé ó tú ajá sílẹ̀ lásìkò tí òfin ní kí ajá wà lókùn. Ó ti fi ẹjọ́ Gudmund, ọ̀rẹ́ rẹ̀ àtìgbà tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń la pákó, sùn lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti fi ẹjọ́ pásítọ̀ sùn. Ìdí nìyí tí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù kejì ọdún yẹn fi dùn mọ́ àwọn ará abúlé lẹ́nu bí oyin, tí wọn ò sì tíì tu ú nù títí dòní.

Ẹranko kan wà nílé Halvar. Ragnhild ìyàwó rẹ̀ ló rà á ní ọdún kan àti ààbọ̀ ṣáájú, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń ta ọmọ ajá láti ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà. Ọkùnrin náà ní ajá tó ń fa ọkọ̀ lórí yìnyín ni ìyá rẹ̀. Kò dárúkọ bàbá, Ragnhild náà kò sì bèèrè. Ó sọ ọmọ ajá náà ní Tuss, orúkọ tí àwọn ará ibẹ̀ ń fún ìṣù òwú kékeré. Kó tó pé oṣù mẹ́jọ, ìṣù òwú náà ti ga dé ìbàdí Halvar. Ojú rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí oyin, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, àyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́. Kì í gbó. Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì bá dún lọ́jọ́ Ìsinmi, á gbé àgbọ̀n sókè, á sì fi ohùn gígùn kan dá agogo lóhùn tó fi jẹ́ pé ajá mẹ́ta tó wà ládùúgbò á sá wọ abẹ́ tábìlì.

Halvar ti fura pé ìkookò ni bàbá Tuss, láti ìgbà tí ẹranko náà ti jẹ àga ìjókòó tán, tó sì fi igi àga náà ta eyín. Ó bá Ragnhild sọ ọ́. Àìsàn ti dá obìnrin náà dùbúlẹ̀ nígbà náà.

“Ìwọ lo máa ń sọ pé kéèyàn mọ ohun tó ń rà kó tó rà á,” Ragnhild wí. “Èmi ò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n òun ti mọ̀ mí.”

Ragnhild kú ní ìparí oṣù kẹwàá. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Tuss fi dùbúlẹ̀ síwájú ibùsùn rẹ̀, tí kò jẹun, tó gbé orí lé ẹsẹ̀ kan bàtà inú ilé rẹ̀. Halvar ti gbé tẹlifóònù láti pe ìjọba ẹkùn, nítorí ó mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ sin irú ẹranko bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ àti ọgbà tó ga. Kò ní ìwé, kò ní ọgbà. Ó gbé tẹlifóònù náà padà sílẹ̀.

Bí ọkùnrin tó mọ òfin ṣe di arúfin nìyẹn. Àwọn tó mọ òfin kì í sì í rú u lọ́nà wúruwùru. Halvar fara balẹ̀ rú u. Ó sọ fún àwọn ará abúlé pé òun ti fún ẹlòmíràn ní ajá ìyàwó òun, ó sì tì í mọ́lé. Kí abúlé tó jí láràárọ̀ ni ó máa ń mú Tuss jáde. Halvar fúnra rẹ̀ á rìn láàárín títì níbi tí ọkọ̀ ìjọba ti gbá yìnyín kúrò, tí ilẹ̀ le bí irin tí kì í gba ipasẹ̀. Tuss kò fẹ́ràn ilẹ̀ líle. Orí òkìtì yìnyín tó wà lẹ́bàá títì ló máa ń gbà, ní ìparí okùn gígùn kan. Ajá a máa yà sọ́tùn-ún yà sósì bí ẹni tó ń kí ará ọjà. Tuss kì í yà. Tààrà ló ń lọ, ó sì ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn tẹ ojú ibi tí ẹsẹ̀ iwájú ti tẹ̀, bí ìkookò. Ní ti oúnjẹ ẹranko náà, Halvar kò jìyà. Ìfun àti egungun àgbọ̀nrín ńlá tí ẹgbẹ́ ọdẹ bá pa, olórí ọdẹ ló ń kó o dànù. Inú Tuss ló ń kó o dànù sí.

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kò jẹ́ kí oúnjẹ lọ lọ́fun Halvar dáadáa. Ní oṣù kọkànlá, nígbà tí Halvar wà níbi tí wọ́n sin Ragnhild sí, Tuss fi ẹsẹ̀ tẹ ọwọ́ ilẹ̀kùn, ó ṣílẹ̀kùn, ó sì lọ sí ọgbà àgùntàn Sigbritt Myhr, opó tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ọ̀nà. Nígbà tí Halvar fi máa débẹ̀, Tuss ti jókòó sáàárín agbo, ẹ̀jẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń jùrù. Ó ń wo Halvar bí ẹni tó ń bèèrè pé kí ló dé tí eré ti tán. Ó ti ya itan abo àgùntàn kan. Halvar fi okùn sí i lọ́rùn, ó gba ẹ̀yìn igbó délé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo abúlé ní ìkookò ni. Sigbritt fúnra rẹ̀ ló rán itan àgùntàn náà. Àgùntàn kò kú, ṣùgbọ́n ó ń tiro. Láti ìgbà náà, bí Halvar bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà yẹn, apá kejì títì ló máa ń wò. Sigbritt a sì tún máa fi búrẹ́dì gbígbóná ránṣẹ́ sí i lọ́jọ́ Ẹtì, nítorí pé ọkùnrin tí ìyàwó rẹ̀ kú kì í se oúnjẹ dáadáa.

Ní oṣù kìíní, Tyra dé. Ọmọbìnrin tí ìjọba ẹkùn rán ni, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa ka iye ìkookò tó wà nínú igbó. Orí yìnyín lẹ́bàá títì ló ti rí ipasẹ̀ náà, tààrà bí okùn, ó gùn tó ibùsọ̀ méje, kò sì sí ipasẹ̀ èèyàn kankan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó ṣa ìgbẹ́ tó rí níbẹ̀ sínú àpò, irun àgbọ̀nrín sì kún inú ìgbẹ́ ọ̀hún. Ó fi ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìran ẹranko wò.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ ọdẹ pé jọ sínú ahéré wọn, kọfí ń hó lórí sítóòfù, Halvar jókòó sórí àga olórí. Tyra ka èsì náà sí wọn létí. Ó ní kì í ṣe ìkookò, kì í ṣe ajá, àdàmọ̀dì àwọn méjèèjì ni. Ó ní irú rẹ̀ tí ń bẹ nínú igbó léwu ní ọ̀nà méjì: yóò gun ìkookò, ìran ìkookò á bàjẹ́, kò sì bẹ̀rù èèyàn bí ìkookò ṣe ń bẹ̀rù, nítorí náà yóò wọ àárín ilé. Ìjọba ti pàṣẹ kí wọ́n yìn ín níbọn. Ó ku ẹni tó máa darí.

Kò sí ẹni tó ronú lẹ́ẹ̀mejì. Gbogbo ọwọ́ ló nà sókè fún Halvar.

“Ìwọ náà lo mọ òfin jù,” Gudmund wí fún un. “Ká tó yìn ín, ṣé o ò ní kọ́kọ́ kọ ìwé sí ìjọba pé kò wà lókùn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Halvar mu kọfí rẹ̀. Ó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, ó sì gbé e mì bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì, Sigbritt gbé búrẹ́dì wá fúnra rẹ̀. Kò kan ilẹ̀kùn. Ó wọlé, ó gbé búrẹ́dì sórí tábìlì, ó wo Tuss tó dìde lẹ́bàá sítóòfù. Tuss wo òun náà, ó sì jókòó padà.

“Ìwọ ni mo ń gbé búrẹ́dì fún, kì í ṣe òun,” ni Sigbritt kọ́kọ́ sọ fún Halvar.

Halvar bèèrè bó ṣe mọ̀.

“Láti oṣù kọkànlá. Ojú fèrèsé ni mo wà nígbà tí o fà á kúrò láàárín àgùntàn mi.”

“Kí ló dé tí o ò sọ?”

“Mo ń dúró de ọkùnrin tó fi ẹjọ́ pásítọ̀ sùn.”

Sigbritt gé búrẹ́dì náà bí ẹni tó wà nílé ara rẹ̀, ó sì ní òun kò bínú sí ẹranko náà. Ẹranko náà kò mọ ohun tí òun jẹ́: bí ó bá jókòó sẹ́bàá sítóòfù, igbó ń pè é, bí ó bá sì délé àgùntàn, ó rò pé eré ni. Èèyàn ló dá a bẹ́ẹ̀, èèyàn ló tà á, èèyàn ló tì í mọ́ inú yàrá.

“Òun ò mọ̀,” ó wí. “Ìwọ mọ̀. Lọ́jọ́ tó bá jẹ́ pé ọmọ ẹnì kan ló ń ṣeré níbi tí àgùntàn mi wà ńkọ́?”

Ó lọ. Halvar jókòó sójú kan títí búrẹ́dì fi tutù. Síbẹ̀, kò tẹ tẹlifóònù. Ó rò pé òun yóò rí ọgbọ́n dá sí i.

Ọgbọ́n tó dá nìyí. Ní Sátidé, wọ́n ṣẹ́ kèké láti mọ ẹni tí yóò dúró síbi kọ̀ọ̀kan, bí àṣà wọn. Gbogbo ibi tí Halvar kọ sórí ìwé kèké náà, ẹ̀yìn àbàtà ní ìhà àríwá ni, tó jìnnà sílé rẹ̀ bí ọ̀run ṣe jìnnà sí ilẹ̀. Sigbritt náà ní ìbọn, òun náà lọ dúró. Halvar ní òun àti Gudmund ni yóò mú Rappa, ajá amòórùn Gudmund, rìn lẹ́bàá títì; ó fẹ́ wà nítòsí láti yí ajá náà sí àríwá. Rappa ti dojú kọ béárì rí. Kò sí ẹni tí kò tíì gbọ́ ìtàn béárì náà lẹ́nu Gudmund.

Ibi tí ọ̀nà ti yà ni Rappa ti gbá òórùn náà mú. Àríwá kọ́ ló kọjú sí.

“Ehoro ló ń lé,” Halvar wí.

“Rappa ò lé ehoro rí láyé rẹ̀.”

“Ọjọ́ orí ti ń dé sí i.”

“Sí àwa náà,” Gudmund dáhùn, ó sì jẹ́ kí ajá fa òun lọ.

Rappa fà wọ́n kọjá ọgbà Sigbritt. Ó fà wọ́n kọjá àpótí lẹ́tà tí wọ́n kọ Rydström sí. Ó gun àtẹ̀gùn mẹ́ta, ó sì jókòó sí ẹnu ọ̀nà ilé Halvar bí ẹni tó wá kí wọn. Gudmund wo ilẹ̀kùn. Ó wo Halvar. Ó ṣí fìlà.

“Halvar, ìkookò yìí wọ ilé rẹ. Ṣé ó ti jẹ ọ́ tán ni?”

Kí Halvar tó la ẹnu, ọwọ́ ilẹ̀kùn lọ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí. Tuss dúró sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan bàtà Ragnhild wà lẹ́nu rẹ̀. Rappa tó dojú kọ béárì kó sáàárín itan ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi ojú pamọ́.

Gudmund ti gbé ìbọn. Halvar lọ dúró síwájú ẹranko náà. Ó mọ̀ pé bí òun bá ní ó ti sá wọ inú igbó, wọn á lé e, wọn á sì pa á. Bí òun bá sọ òótọ́, wọn á gbà á lọ́wọ́ òun. Ó na ọwọ́ gba rédíò tó wà láyà Gudmund, èyí tí gbogbo ọdẹ tó ń gbọ̀n lẹ́yìn àbàtà ń gbọ́.

“Halvar ni. Ẹ yọ ọta kúrò nínú ìbọn. Èmi ni mo ni ẹranko náà. Mi ò gba ìwé àṣẹ. Òun ló ya àgùntàn Sigbritt ní oṣù kọkànlá. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́.”

Ohùn Sigbritt ló jáde nínú rédíò.

“A gbọ́. Ṣé kọfí wà níbẹ̀? Ẹsẹ̀ wa ti kú.”

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Halvar mú ìwé kan láti inú àpótí tábìlì rẹ̀, irú èyí tó fi fi ẹjọ́ pásítọ̀ sùn, ó sì kọ orúkọ ara rẹ̀ síbi tí wọ́n ń kọ orúkọ arúfin sí. Ìwé kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀ nìyẹn. Tyra ló sáré lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìjọba lè ní kí wọ́n fún Tuss ní abẹ́rẹ́ ikú, ṣùgbọ́n ó rí ibì kan ní agbègbè Dalarna tí wọ́n ń tọ́jú irú rẹ̀, tí ọgbà ibẹ̀ ga ju orí èèyàn méjì lọ, tí igbó sì wà nínú rẹ̀. Halvar fi ọkọ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ. Ó ju bàtà Ragnhild sínú ọgbà tẹ̀ lé e. Tuss gbóòórùn rẹ̀, ó fi í sílẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sáàárín igi, tààrà, ẹsẹ̀ ẹ̀yìn lójú ẹsẹ̀ iwájú. Kò wẹ̀yìn. Halvar dúró síbẹ̀ títí ẹni tó ń ṣọ́ ọgbà fi bi í léèrè bóyá ọkọ̀ rẹ̀ bàjẹ́ ni.

Nígbà tí yìnyín yọ́, Halvar ló ń fún àgùntàn Sigbritt lóúnjẹ láràárọ̀, ọwọ́ ara rẹ̀ ló sì ń fi bọ́ èyí tó ń tiro. Ẹgbẹ́ ọdẹ tún fi í ṣe olórí. Gudmund ló dábàá rẹ̀. Ó ní kò sí olórí mìíràn tó lè mú èèyàn dé ọ̀dọ̀ ẹran ní tààrà bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù karùn-ún, lásìkò tí òfin le jù, tí àwọn àgbọ̀nrín ń bímọ, Halvar rí Rappa lórí títì tó ń dá rìn, kò sí okùn lọ́rùn rẹ̀. Ó dá ọkọ̀ dúró. Ó ṣílẹ̀kùn. Rappa wọlé, ó jókòó sórí àga iwájú. Gudmund wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀ nígbà tí wọ́n dé, ojú rẹ̀ sì ti rẹ̀wẹ̀sì.

“Ó di ìgbà kẹta nìyí,” ó wí. “Ìgbà wo lo máa kọ ọ́ ránṣẹ́?”

“Ìwé ti tán lọ́wọ́ mi,” Halvar dáhùn, ó sì fa ajá náà lé e lọ́wọ́.