Ẹ̀yìn Màámi Tó Ń Gùn

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbọ́ àlá tí mo lá. Èmi àti Màámi wà ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ìjà idà. Ọ̀gá wọn, géńdé kan, ní kí Màámi dojú bolẹ̀ kí òun bá wọn wo ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Ó da òróró gbígbóná sí i, ó rọ̀ mọ́ okùn àjà, ó ń fi ẹsẹ̀ wọ́ ọ. Bó ṣe ń wọ́ ọ ni ẹ̀yìn náà ń gùn, títí orí Màámi fi gba ẹnu ọ̀nà jáde. Mo di ẹsẹ̀ wọn mú.

"Ọ̀gá, ó tó, ẹ jọ̀ọ́!"

Ó ní, "Ó ku eegun kan."

Màámi ń pè mí lókèèrè: "Àdùkẹ́, má fi mí sílẹ̀ o!"

Òróró kún ọwọ́ mi, ẹsẹ̀ wọn ń yọ̀ bọ́, ni mo bá jí.