Ẹsẹ̀ Tó Ń Rìn Lórí Àga

Ìyá Aránṣọ àti àtẹ̀gùn kò bára wọn ṣọ̀rẹ́. Bó bá ti gun mẹ́wàá, á dúró, á máa tú báàgì rẹ̀ bí ẹni ń wá kọ́kọ́rọ́, títí èémí rẹ̀ yóò fi padà wálé. Ọdún méjìdínlógún ló ti fi jókòó sídìí máṣíìnì ẹlẹ́sẹ̀. Ibẹ̀ ló ti ń jẹun, ibẹ̀ ló ti ń gbàlejò, ara rẹ̀ sì ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láìjẹ́ kó fura. Kò rí ìdí tí yóò fi bá ara rẹ̀ jà, àfi ìgbà tí kíndìnrín àbúrò rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀.

Ìyá wọn ló fa àbúrò yìí lé e lọ́wọ́ kó tó kú, nígbà tọ́mọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Ó ti wá dàgbà, ó ń tún rédíò àti fáànù ṣe, Wáyà ni gbogbo èèyàn ń pè é, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ àti nítorí pé ó tín-ín-rín. Ní báyìí, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń so ó mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá a fọ ẹ̀jẹ̀ ní ọsibítù. Wọ́n ti yẹ gbogbo mọ̀lẹ́bí wò láti mọ ẹni tó lè fún un ní kíndìnrín kan. Ìyá Aránṣọ nìkan ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá tirẹ̀ mu.

Dókítà wọn jẹ́ obìnrin kan tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò. Ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ yín ń ru, mà. Ọgọ́jọ ló wà. A kì í gba kíndìnrín lọ́wọ́ ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá kọjá ogóje, torí ẹyọ kan tó máa kù lára yín lè má rù ú. Ẹ tún sanra jù. Oṣù mẹ́ta ni mo fún yín. Ẹ sọ kílò mẹ́fà nù, kẹ́ ẹ mú ẹ̀jẹ̀ yẹn wálẹ̀ láìlo oògùn. Ìrìn loògùn yín. Ẹgbẹ̀rún méje ìṣísẹ̀ lójoojúmọ́.”

“Bí mi ò bá wá lè ṣe é ńkọ́?”

“A óò yọ orúkọ yín kúrò lára àwọn tó lè fún un ní kíndìnrín.”

 

Nọ́ọ̀sì wá so ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan mọ́ ọn lọ́rùn ọwọ́, èyí tó ń ka ìṣísẹ̀ èèyàn, ó ní kó má ṣe tú u.

Lọ́jọ́ kejì, aṣọ ìgbéyàwó kan wà nílẹ̀ tí Ìyá Aránṣọ fẹ́ gé, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ labalábá. Ẹ̀rọ náà há mọ́ ọn, fọ́nrán òwú kan sì yọ.  Ó tú ẹ̀rọ náà kúrò lọ́wọ́, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ó rò ó pé ṣebí ẹsẹ̀ ló ń rìn, kì í ṣe ọwọ́. Ó jókòó, ó ń tẹ pẹ́dà máṣíìnì lọ. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú, ẹ̀rọ náà ti ka ẹgbẹ̀rún méje ó lé díẹ̀.

Ó mọ̀ pé pẹ́dà ló ń kà. Kò fi ṣe ẹ̀tàn. Lójú tirẹ̀, ẹsẹ̀ tó ń lọ tó ń bọ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, títí orúnkún fi ń ro ni, bí ìyẹn kò bá jẹ́ ìrìn, kí ni kó máa jẹ́? Inú rẹ̀ dùn pé ohun tí wọ́n ní kóun lọ wá kiri wà ní ṣọ́ọ̀bù òun látọjọ́ yìí.

Baba Oníbàtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní òdìkejì títì, na ọrùn wò ó. “Ìyá Aránṣọ, wọ́n ní ẹ ti ń ṣeré ìdárayá. Mi ò sì rí i kẹ́ ẹ kúrò lójú kan.”

“Ẹgbẹ̀rún méje lónìí nìkan. Ẹ wá wò ó.”

Bàbá náà sọdá wá, ó wo ẹ̀rọ, ó wo àga. “Ó dáa o. Ṣùgbọ́n bí gbogbo ayé bá ń jókòó rìn báyìí, bàtà ẹnikẹ́ni ò ní gbó mọ́, ebi ló máa pa èmi.”

“Ẹ lọ rán bàtà yín, ẹ yéé ṣe mí ní yẹ̀yẹ́.”

Ó ń jẹ búrẹ́dì rẹ̀ nìṣó, ó ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò rẹ̀ nìṣó, torí ó ní ẹni tó ń ṣiṣẹ́ tó báyìí gbọ́dọ̀ jẹun. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá bẹ́ẹ̀.

Nígbà tó padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé e sórí òṣùwọ̀n. Dípò kí kílò dín, ọ̀kan ló lé. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì wà ní ọgọ́jọ, ó tiẹ̀ fi mẹ́ta lé e. Dókítà wo ìwé tí wọ́n kọ ìṣísẹ̀ rẹ̀ sí, ó wò ó títí.

“Ẹ ò fi ọjọ́ kan yẹ̀, mà. Ẹni tó bá rìn tó báyìí tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ò wálẹ̀, a jẹ́ pé ẹ̀jẹ̀ ríru tirẹ̀ kì í gbọ́ ti ìrìn. Mi ò ní fìyà jẹ yín lásán mọ́. A óò wá ẹlòmíì.”

“Ẹlòmíì wo, dókítà? Ṣebí ẹ ti yẹ gbogbo wa wò.”

 Dókítà ti mú bírò. Ìyá Aránṣọ rí i bó ṣe fi ṣónṣó bírò náà wá orúkọ òun. Bírò náà ti kan ìwé kí nọ́ọ̀sì tó sọ̀rọ̀.

“Mà, kí ló dé tí nǹkan yẹn fi wà lẹ́sẹ̀ yín?”

“Ó ń fa aṣọ ya lọ́wọ́ mi ni. Mo wá so ó mọ́ ẹsẹ̀, kó lè máa kà á bí mo bá ń tẹ máṣíìnì.”

 Dókítà gbé bírò sílẹ̀. “Ìgbà wo lẹ wá ń rìn?”

“Bí mo bá ń tẹ máṣíìnì, mà.”

“Ẹ jáde, ẹ gun àtẹ̀gùn tó wà níta yẹn dé òkè, kẹ́ ẹ padà wá bá mi.”

Ó gun mọ́kànlá, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ ìkejìlá. Ó di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó ń mí bí ẹni tí wọ́n lé láti ọ̀nà jíjìn, àwọn èèyàn sì ń yà á sílẹ̀ kọjá. Ìgbà tó sọ̀ kalẹ̀, kò lè gbójú sókè.

Dókítà ní, “Ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀. Mi ò sì lè ní ẹni tí kò tíì bẹ̀rẹ̀ ti kùnà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló kù, mi ò lè fi ọjọ́ kan kún un. Iṣan ọwọ́ àbúrò yín tí a fi ń fọ ẹ̀jẹ̀ ti ń di.”

Wáyà ti gbọ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dùbúlẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ kan wà lára ẹ̀rọ, ojú rẹ̀ wú.

“Àǹtí, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fi jókòó.”

“Mi ò mọ̀ ni. Mo rò pé…”

“Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń mọ̀ bí ìdajì íǹṣì bá yẹ̀ lára aṣọ.”  “Tẹ́ ẹ bá ń bẹ̀rù ọ̀bẹ, ẹ sọ fún mi. Mi ò ní bínú. Kẹ́ ẹ máa fi mí ṣeré ni mi ò lè gbà.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára ju bó ṣe yẹ lọ, torí òótọ́ wà nídìí ẹ̀. Ó ti tó ìgbà mélòó kan tó ń fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀ níbi tí wọ́n máa là. Bóyá kì í ṣe àìmọ̀ nìkan ló jẹ́ kó tètè gba ẹ̀rọ yẹn gbọ́. Wáyà ti kọjú sí ògiri.

Lọ́jọ́ Ajé, ó fi ẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ṣọ́ọ̀bù. Wákàtí kan gbáko ni. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó tún rìn. Lọ́jọ́rú, itan rẹ̀ le bí igi, ó fi ẹkún rìn ín. Láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀, tí í ṣe ọjọ́ kẹrin, òjò ṣú, ó sì bá ara rẹ̀ nínú ọkọ̀. Ìbẹ̀rù mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn dìde lọ́jọ́ kìíní. Ti ọjọ́ kẹrin kò yé e.

Ó jókòó sínú ọkọ̀ náà bí olè. Oníbàárà rẹ̀ kan, tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ìfowópamọ́, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ìyá Aránṣọ, ṣòkòtò iṣẹ́ mi ńkọ́?”

“Ọ̀la.”

Obìnrin kan lẹ́yìn wọn rẹ́rìn-ín. “Ọ̀la àwọn aránṣọ. Tèmi ti ń sọ ọ̀la fún mi láti ìgbà tọ́mọ mi ti ń rákòrò. Ó ti ń lọ sílé ìwé báyìí.”

“Kì í ṣe tèyí,” ọkùnrin náà ní. “Èyí kì í yẹ ọjọ́.”

Òótọ́ ni. Látọdún méjìdínlógún, kò fi ọjọ́ tan ẹnikẹ́ni rí. Ó ti ránṣọ nígbà tí ibà ń ṣe é, ó ti ránṣọ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ìyá rẹ̀. Ó ronú sí i nínú ọkọ̀ yẹn pé ara òun nìkan lòun máa ń yẹ̀ ládèéhùn, torí ara òun kì í wá kan ilẹ̀kùn.

Ó yíjú sí ọkùnrin náà. “Má wá gbà á ní ṣọ́ọ̀bù. Aago mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀ ọ̀la, màá gbé e wá bá ọ nílé.”

“Ilé mi jìnnà o, mà.”

“Mo mọ̀.”

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Gbogbo aṣọ tó bá parí, kì í jẹ́ kí oníbàárà wá gbà á mọ́. Á bi wọ́n léèrè ilé wọn, àwọn tó jìnnà jù ló sì kọ́kọ́ ń fún lọ́jọ́. Láàárọ̀, bí ibùsùn bá ń bẹ̀ ẹ́, á rántí pé olùkọ́ kan wà ní òkè ọ̀hún tí kò ní rí aṣọ wọ lọ síṣẹ́ bí òun kò bá dé. Èyí kò jẹ́ kó lè sùn padà. Òjò ń rọ̀, ó ń fi ọ̀rá wé aṣọ, ó ń lọ. Ó gbé búrẹ́dì kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì, ó fi ike omi rọ́pò ẹ̀. Baba Oníbàtà lẹ bàtà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́.

Nígbà tó ku ọ̀sẹ̀ kan, kílò mẹ́rin péré nínú mẹ́fà ló ti sọ nù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì wà ní ogóje ó lé mẹ́fà. Lọ́jọ́ yẹn gan-an ni Wáyà dákú lórí àtùpà oníná tó ń tún ṣe, wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù. Ìyá Aránṣọ dé bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó kí i, ọkùnrin náà kàn mi orí. Ó jáde, kò wọkọ̀. Ó gba ọ̀nà tó jìn jù padà sílé. Títí ọ̀sẹ̀ yẹn fi parí, lẹ́ẹ̀mejì ló ń rìn lójúmọ́.

Ọjọ́ àyẹ̀wò pé. Òṣùwọ̀n ní kílò méje ti lọ, mẹ́fà tí wọ́n béèrè àti ọ̀kan tó lé níjọ́sí. Ó ku ẹ̀jẹ̀. Nọ́ọ̀sì wé aṣọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ ọn lápá, ó ń fún un, ó ń fún un, ó tú u. Nọ́ọ̀sì wo dókítà.

“Àádọ́jọ ó lé méjì.”

 Ìyá Aránṣọ mọ̀ pé Wáyà wà lẹ́yìn ògiri yẹn gan-an, wọ́n ń fọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

“Ẹ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá,” dókítà ní. “Ẹ má sọ̀rọ̀. Ẹ má ronú.”

“Báwo lèèyàn ṣe ń ṣe ìyẹn, mà?”

“Mo ní kẹ́ ẹ má sọ̀rọ̀.”

Ó jókòó. Ẹni tó ti fi ọdún méjìdínlógún jókòó, kò jókòó tó le tó yẹn rí. Ẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́ dìde lọ. Ó ń ka ilé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ́kàn, láti èyí tó wà nísàlẹ̀ dé èyí tó wà lókè, ó sì ń mí bó ṣe máa ń mí bó bá gun ibẹ̀. Nọ́ọ̀sì tún wé e lápá.

“Méjìdínlógóje.”

“Tún un wò,” dókítà ní.

Wọ́n tún un wò. Mẹ́rìndínlógóje ni.

Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀. “Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ la máa ṣe é. Ẹ má sì rò pé ó tán o. Ẹyọ kan tó máa kù lára yín, ẹ óò máa rìn fún un títí ayé.”

“Títí ayé?”

“Títí ayé, mà.”

Wáyà ti wà lórí bẹ́ǹṣì níta nígbà tó jáde. Wọ́n ti tú u kúrò lára ẹ̀rọ, wọ́n sì ti ní kó máa lọ sílé. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ọjọ́ Ẹtì,” Ìyá Aránṣọ ní.

Ọkùnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú, ó pẹ́ kó tó gbé e kúrò. “Àǹtí, ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí yín lọ́jọ́ yẹn…”

“Òótọ́ lo sọ. Ẹ̀rù ọ̀bẹ ń bà mí. Ó ṣì ń bà mí.”

“Ó ń ba èmi náà.”

“Dìde ká máa lọ.”

Wọ́n gba ọ̀nà géètì. Kí Ìyá Aránṣọ tó mọ̀, ó ti fi Wáyà sílẹ̀ lẹ́yìn.

“Àǹtí, ẹ rọra. Ẹ ń sáré.”

Látọjọ́ tó ti dáyé, kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀ fún un rí. Ó dúró títí àbúrò rẹ̀ fi dé, ó na apá fún un kó dì í mú, ó sì ń gbé ẹsẹ̀ kékeré, kékeré, bó ṣe máa bá tirẹ̀ dọ́gba.