Ìrora Kò Dọ́gba

"Ẹ tún un sọ, Màmá. Orí ń fọ́ bàbá kan. Kí lẹ máa sọ fún mátírọ́ọ̀nù?"

"Màá ní 'pain' wà ní orí rẹ̀."

Ọmọ náà mí kanlẹ̀. Ó ní 'ache' ni ti orí. Ìyá rẹ̀, tó ń lọ aṣọ iṣẹ́, tẹ áyọ́ọ̀nù mọ́ kọ́là bí ẹni pé kọ́là ló ṣẹ̀ ẹ́. Ó ní bí ti orí bá jẹ́ 'ache', tí ti eyín náà jẹ́ 'ache', kí ni ọ̀fun wá ṣe fún wọn tí wọ́n fi ya tirẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n ń pè é ní 'sore'?

Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni ìyá yìí ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló ń gbé wọn dìde, tó ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fi orin pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Ṣùgbọ́n tí iṣẹ́ bá parí, ó gbọ́dọ̀ fi Gẹ̀ẹ́sì sọ bí ara wọn ṣe rí fún ẹni tó fẹ́ gbaṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ohun gbogbo sì ni 'pain' lẹ́nu rẹ̀. Ó ti sú mátírọ́ọ̀nù. Ó ní òun á bi í léèrè lọ́la. Bí kò bá tún mọ̀ ọ́n, kó lọ máa fọ abọ́ nílé ìdáná.

Ìyá náà tilẹ̀ ti sọ ọ́ di orin:

Ti orí ni 'ache' o,
Ti ọ̀fun ni 'sore',
Bí mo bá ṣì í pè,
Abọ́ ń dúró dè mí.

Orin náà dùn, àbí kò dùn? Ṣùgbọ́n ìbéèrè kì í tẹ̀lé orin. Ọmọ bi í nípa inú rírun, ó ní 'sore'. Ó bi í nípa egbò, ó ní 'ache'.

"Màmá, ẹ kì í fetí sílẹ̀ ni."

"Rọra o. Èmi náà ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń pe 'bàbá'."

Ọmọ pa ìwé rẹ̀ dé. Ó ní kí àwọn fi Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ ná. Kí ìyá fi Yorùbá ṣàlàyé ìrora kan dáadáa, òun á wá ọ̀rọ̀ tó bá a mu.

Ìyá kò tilẹ̀ ronú. "Tí èèyàn bá jí, á kọ́kọ́ máa ro ó, ríro wúwo báyìí, bí ẹni di òkúta mọ́ ọn. Tó bá gun àtẹ̀gùn, á máa gún un bí abẹ́rẹ́. Tó bá wá gbé èèyàn dìde lórí bẹ́ẹ̀dì, á sáré wìn-ìn títí dé ọmọ ìka ẹsẹ̀." Bó ṣe ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀ ń ra orúnkún.

Àwọn arúgbó ibẹ̀ kì í gun àtẹ̀gùn. Wọn kì í sì í gbé ẹnikẹ́ni.

"Màmá, ẹsẹ̀ ta nìyẹn?"

Ìyá ní ẹsẹ̀ kan ṣáá ni. Ọmọ dìde, ó ká aṣọ ìyá rẹ̀ kọjá orúnkún. Orúnkún náà wú, ó ń dán.

"Látìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́. Tí wọ́n bá gbọ́, ṣé wọ́n á tún jẹ́ kí n gbé ẹnikẹ́ni?"

Inú bí ọmọ sí ara rẹ̀ débi pé omi bọ́ lójú rẹ̀. Àṣé ìdúró ni ìyá òun wà lórí ẹsẹ̀ yìí, tí òun ń jágbe mọ́ ọn láti ìrọ̀lẹ́. Ìyá pa iná áyọ́ọ̀nù. Ó fa àga, ó rọra jókòó.

"Nu ojú rẹ. Kí mátírọ́ọ̀nù tó bi mí nípa ti bàbá kankan lọ́la, tèmi ni màá kọ́kọ́ rò fún un. Ibi tó bá wù ú ni kó fi mí sí." Ó na ẹsẹ̀ náà síwájú. "Ó yá, ṣí ìwé ẹ. Èyí tó ń gún ni yẹn, kí ni wọ́n ń pè é?"