Kéèkì Pámpáàsì

Obìnrin inú fídíò náà ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ máa gbà. Ó jókòó sínú ilé funfun kan tí eruku kò mọ ọ̀nà ibẹ̀, ó gbé àlùmọ́gàjí aláwọ̀ góòlù sókè, ó rẹ́rìn-ín, ó sì ní ohun tí èèyàn nílò láti fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún bébì ṣáwà kò ju bébà, òwú àti ìfẹ́ lọ. Ọjọ́ mẹ́sàn-án la fi ṣe tiwa. Ìfẹ́ ló kọ́kọ́ tán.

Ìrẹ̀mídé, àbúrò mi obìnrin, ló lóyún. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ, ọkọ rẹ̀ sì wà lẹ́nu iṣẹ́ ní Pọ́tákọ́tù, níbi tó ti ń fi fóònù gbà sí gbogbo ohun tí a bá sọ. Wùnmí, ọ̀rẹ́ Ìrẹ̀mídé, ló gbé ọ̀rọ̀ bébì ṣáwà dé. Wùnmí kò tíì bímọ rí, kò sì tíì lọ síbi bébì ṣáwà kankan, àmọ́ ó ti wo fídíò débi pé ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó dá a sílẹ̀. Ó ṣàlàyé fún mi pé àwọn ọ̀rẹ́ aboyún ló máa ń pé jọ kí ọmọ tó dé, wọ́n á kó ẹ̀bùn ọmọ wá, wọ́n á sì ya fọ́tò. Mo bi í pé ìsọmọlórúkọ wá ńkọ́. Ó ní ti àwọn àgbà nìyẹn.

Ìṣòro ibẹ̀ ni Màmá wa. Òjòó ni Màmá ń gbé, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, òfin kan ṣoṣo ni wọ́n sì ní lórí oyún: nǹkan ọmọ kò gbọdọ̀ wọlé kí igbe ọmọ tó wọlé. Òfin náà ní ìdí. Ní nǹkan bí ọdún méjì sẹ́yìn, Ìrẹ̀mídé lóyún, ó ra bẹ́ẹ̀dì ọmọ, ó ra àwọ̀n ẹ̀fọn, ó fọ aṣọ kéékèèké, ó sì tò wọ́n sílẹ̀. Oyún náà bàjẹ́ lóṣù keje. Màmá ló fi ọwọ́ ara wọn tú bẹ́ẹ̀dì náà, wọ́n gbé e jáde, kò sì sí ẹni tó bi wọ́n pé ibo ni wọ́n gbé e lọ. Nígbà tí oyún kejì yìí dúró, wọ́n pe èmi àti Ìrẹ̀mídé jọ, wọ́n ní bí ojú àwọn bá kan nǹkan ọmọ kan ṣoṣo nínú ilé náà kí ọmọ tó dé, ọwọ́ àwọn kọ́ ni wọ́n máa fi wẹ ọmọ ọ̀hún. Màmá kì í yí ọ̀rọ̀ padà. Ó ti tó ọdún mẹ́fà tí wọ́n ti sọ pé àwọn kò ní í bá ìyàwó pásítọ̀ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà mọ́, títí dòní ni wọ́n sì ń gbé àga tiwọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ìrẹ̀mídé mọ gbogbo èyí. Ó ti sọ fún mi rí pé bí Màmá kò bá sí níbẹ̀, òun kò mọ bí òun ṣe máa gbé ọmọ náà lọ́wọ́ láìgbọ̀n. Nígbà tó wá ní òun fẹ́ bébì ṣáwà, mo bi í pé kí ló dé.

"Bọ̀ọ̀dá mi," ló wí, "oṣù mẹ́jọ ni mo ti ń fi oyún yìí pamọ́ bí ẹni tó jí i. Mo fẹ́ fi ọjọ́ kan péré yọ̀."

N kò lè bá a jiyàn. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọ̀rọ̀ náà ti di ìṣirò lójú mi, bí ìṣirò bá sì wà nílẹ̀ tí n kò tíì yanjú rẹ̀, oúnjẹ kì í dùn lẹ́nu mi. Báwo ni èèyàn ṣe ń ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ọmọ, tí ẹni tó bá wọlé lójijì kò fi ní í rí ọmọ níbẹ̀? Ìdáhùn mi ni pé kí gbogbo ohun ọ̀ṣọ́ náà ní ojú méjì. Bí Màmá bá yọjú, a ó yí wọn padà, ilé á sì di ibi ayẹyẹ mìíràn. Ayẹyẹ wo? Ìpàdé àdúrà kò lè ṣe é, nítorí Màmá á béèrè ẹni tó ń darí, wọ́n á sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ọjọ́ ìgbéyàwó Ìrẹ̀mídé kò lè ṣe é, wọ́n mọ ọjọ́ náà ju Ìrẹ̀mídé lọ. Nínú gbogbo ẹbí wa, ọjọ́ kan ṣoṣo ni kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n, ìyẹn ọjọ́ ìbí Màmá fúnra wọn. Ìwé kóòtù tí wọ́n fi búra ọjọ́ orí wọn ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ni, ṣùgbọ́n akọ̀wé tó kọ ọ́ kàn fẹ́ tètè lọ sílé ni. Wọn kò ṣe ọjọ́ ìbí rí láyé wọn. Ọjọ́ tó bá wù wá la lè mú. Inú mi dùn sí ọgbọ́n yìí débi pé mo sọ ọ́ fún Wùnmí lẹ́ẹ̀mejì.

A bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo kó bébà tó bàjẹ́ wá láti ṣọ́ọ̀bù onífótókópì kan ní Agbowó, níbi tí mo ń gbé, a sì fi gé òdòdó. Bí èèyàn bá súnmọ́ àwọn òdòdó náà dáadáa, ó lè ka orí kejì iṣẹ́ ìwádìí akẹ́kọ̀ọ́ kan lórí ọ̀sìn ẹja. Wùnmí ní kí àwọn àlejò má súnmọ́ ọn. A fi tíṣù ṣe òdòdó funfun, a fi páálí ṣe adé, a kùn ún ní àwọ̀ góòlù. Funfun àti góòlù la lò nítorí Ìrẹ̀mídé kọ̀ láti gbọ́ bóyá akọ ni tàbí abo. A fi sítáàṣì lẹ nǹkan mọ́ ògiri, nígbà tí ilẹ̀ mọ́, èèrà ti tò lọ tò bọ̀ lára rẹ̀. Obìnrin inú fídíò kò sọ̀rọ̀ èèrà. Kò sì sọ fún wa pé bí èèyàn bá so bàlúùnù mọ́ àárín àjà nígbà tí kò sí iná, tí iná bá dé, fáànù á bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tirẹ̀.

Káàdì mẹ́tàlá ni mo fi péègì há mọ́ òwú lórí ògiri, lẹ́tà kan lórí káàdì kọ̀ọ̀kan. Níwájú wọn, mo kọ ọ́ pé à ń retí bébì wa, mo sì ya òdòdó sórí káàdì tó kù. Lẹ́yìn wọn, mo kọ ọ́ pé Màmá, ẹ kú ọjọ́ ìbí. Mo ṣe ìdánrawò yíyí wọn padà, ó gbà mí ní ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Wùnmí ni kéèkì. Kì í ṣe kéèkì jíjẹ. Pámpáàsì ọmọ tuntun ni ó ká ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tó fi rọ́bà dì, tó tò ní ìpele mẹ́ta, tó wá fi bébà funfun àti ríbọ́ọ̀nù góòlù wé. Ó gbé bàtà ọmọ kékeré kan lé e lórí. Mo bi í pé ojú kejì tirẹ̀ ńkọ́. Ó ní bí a bá ti yọ bàtà náà, kéèkì ni, gbogbo ọjọ́ ìbí ló sì ń ní kéèkì. Mo gbà pé òótọ́ ni.

Ní Sátidé, aago méjì ọ̀sán, àwọn obìnrin bíi mẹ́wàá ti dé sí pálọ̀ Ìrẹ̀mídé lókè ilé alájà kan ní Bódìjà. Kaosarah, tí òun àti Ìrẹ̀mídé jọ ń ṣiṣẹ́, gbé báàfù ìwẹ̀ ọmọ wá, ó fi bébà aláràbarà dì í, àmọ́ kò sí bébà tó lè sọ báàfù di nǹkan mìíràn. Ìrẹ̀mídé jókòó sórí àga tí a ti ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, ó dé adé páálí rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé ikùn, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tí oyún àkọ́kọ́ ti bàjẹ́, n kò rí irú ẹ̀rín yẹn lójú rẹ̀. Wùnmí ń ṣètò láti ya fọ́tò àkọ́kọ́ nígbà tí fóònù Ìrẹ̀mídé dún. Màmá ni. Wọ́n ní àwọn tètè gbá ṣọ́ọ̀ṣì tán, àwọn ra ọsàn, takisí Máíkírà tí àwọn wọ̀ sì ti ń yà wọ àdúgbò.

Mo yí káàdì. Wùnmí yọ bàtà orí kéèkì, ó sì sọ fún àwọn àlejò pé ọjọ́ ìbí Màmá la wá ṣe láti ìsinsìnyí lọ, kí wọ́n má ṣe béèrè nǹkan kan. Ọ̀kan béèrè ọjọ́ orí Màmá. Mo ní ìwé kóòtù ní méjìlélọ́gọ́ta. Ìrẹ̀mídé dìde kúrò lórí àga, àwọ̀ ojú rẹ̀ ti yí padà.

Màmá dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọ̀rá ọsàn wà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n wo bàlúùnù, wọ́n wo òdòdó, wọ́n wá ka káàdì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá lọ́kọ̀ọ̀kan bí ọmọ iléèwé. Mo ti múra sílẹ̀ de ìbéèrè. Wọ́n rọra béèrè pé ta ló sọ fún wa pé òní ni. Mo ṣe ìṣirò fún wọn lójú ẹsẹ̀: ọdún tí wọ́n já wọn lẹ́nu ọmú, ọdún tí bàbá wọn kọ́lé, ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n wọn wọ iléèwé, mo yọ èyí kúrò nínú ìyẹn, ó sì já sí ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì tí a wà yìí gan-an. Wọ́n mi orí sókè sódò. Wọ́n fi etí gèlè nu ojú. Wọ́n lọ jókòó sórí àga Ìrẹ̀mídé, wọ́n ní kí a dé àwọn ládé. Ojú tì mí díẹ̀, àmọ́ ìṣirò náà ti yọrí sí rere, ìyẹn sì borí ìtìjú.

Àwọn àlejò kọrin. Màmá jó díẹ̀ lórí ìjókòó. Wọ́n fi ọwọ́ kan báàfù Kaosarah, wọ́n ní abọ́ tó tóbi báyìí á dára púpọ̀ láti fi rẹ ẹ̀gẹ́. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé a ti bọ́. Ìgbà náà ni wọ́n ní kí a mú ọ̀bẹ wá.

Mo ní kéèkì náà kò tíì dì dáadáa. Wùnmí ní ẹni tó ṣe é ní kó dúró dọ̀la. Màmá ní àwọn kò ṣe ọjọ́ ìbí láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí àwọn, àwọn kò sì ní í dúró de ọ̀la. Wọ́n wọ ilé ìdáná fúnra wọn, wọ́n mú ọ̀bẹ tí Ìrẹ̀mídé fi ń gé iṣu, wọ́n sì tì í bọ àárín kéèkì. Ọ̀bẹ wọlé, kò jáde. Wọ́n fà á, ó há. Wọ́n fi ọwọ́ kejì di ìpele ìsàlẹ̀ mú, wọ́n fa ọ̀bẹ tagbáratagbára, rọ́bà já, pámpáàsì kan sì tẹ̀lé ọ̀bẹ jáde, ó là sílẹ̀ lójú gbogbo wa.

Màmá yẹ pámpáàsì náà wò níwájú àti lẹ́yìn. Wọ́n gbé ojú sókè wo Ìrẹ̀mídé. Ìrẹ̀mídé ti gbé ọwọ́ méjèèjì bo ikùn, omi ti dúró sí i lójú.

"Gbádérọ̀," ni Màmá pè mí, "ọjọ́ ìbí ta ni lónìí?"

"Tiyín ni, Màmá."

Wọ́n kọjú sí Kaosarah. "Ìwọ, ta lo gbé abọ́ yìí wá fún?"

Kaosarah wò mí, ó wo Ìrẹ̀mídé. "Ẹ̀yin ni, Màmá."

Wọ́n bi gbogbo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ọ̀bẹ lọ́wọ́, gbogbo wọn sì dáhùn bákan náà. Màmá wá ká pámpáàsì yẹn padà, wọ́n wá rọ́bà mìíràn fi dì í, wọ́n sì dá a padà sí àyè rẹ̀.

"Ó dáa," ni wọ́n wí. "Èmi ni mo ni gbogbo ẹ̀. Kéèkì mi le díẹ̀, màá gbé e lọ sílé lọ gé. Kò sí nǹkan ọmọ nínú ilé yìí, àbí ó wà?"

Gbogbo wa ní kò sí.

Màmá kò fi ohun kan sílẹ̀. Wọ́n kó àwọn ẹ̀bùn tí a dì, wọ́n kó àwọn tí a kò dì, wọ́n ní kí n tú òdòdó àti káàdì kúrò lára ògiri, nítorí orúkọ àwọn ló wà níbẹ̀. Wùnmí bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun ya fọ́tò kan péré. Wọ́n gbà, wọ́n sì jókòó sí àárín, wọ́n dé adé. Fọ́tò kan ṣoṣo tí a ní nínú bébì ṣáwà náà nìyẹn.

Èmi ni mo ru báàfù sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi Máíkírà tí a pè fún wọn. Bí mo ṣe ń tì í bọ ẹ̀yìn ọkọ̀, Màmá rẹ ohùn sílẹ̀. Wọ́n ní ìṣirò mi dára, àmọ́ inú òjò ni wọ́n bí àwọn, òrùlé ń jò lé ìyá àwọn lórí lọ́jọ́ náà, kí n wá sọ fún àwọn irú òjò tó ń rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní oṣù kejì. Mo bi wọ́n pé láti ìgbà wo ni wọ́n ti mọ̀.

"Láti ẹnu ọ̀nà," ni wọ́n wí. "Ìwọ tí o kì í pè mí lórí fóònù, ìwọ lo wá ń gé òdòdó fún mi."

Ìrẹ̀mídé ti rọra sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu géètì. Ó di irin géètì mú.

"Màmá, ṣé ẹ ṣì máa wá wẹ̀ ẹ́?"

Màmá wò ó láti orí dé ẹsẹ̀.

"Nǹkan ọmọ wo ni mo rí tí mi ò fi ní í wá?" ni wọ́n wí. "Ẹ̀bùn tèmi ni mo rí. Bí a bá gbọ́ igbe, màá yẹ ẹ̀bùn mi wò, bóyá èyí tí mo lè fún un wà níbẹ̀. Lọ jókòó jàre, ẹsẹ̀ ẹ ti wú."

Ìrẹ̀mídé bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ẹ̀rín sì wà nínú rẹ̀. Màmá wọ ọkọ̀, wọ́n gbé kéèkì lé itan. Awakọ̀ wo ẹ̀yìn, ó rí báàfù, ó rí àpò aṣọ ọmọ tó yọjú, ó rí pámpáàsì. Ó ní Màmá, ẹ kú ewu ọmọ o, ìgbà wo la bí i.

"Ó ti pé ọdún méjìlélọ́gọ́ta," ni Màmá dáhùn. "Máa wa ọkọ̀ ẹ."